Òṣìṣẹ́ Tí Ó Fi Ẹjọ́ Ọ̀gá Sùn

Kò sí ẹni tí kò mọ̀ pé ẹni tí ó gbani síṣẹ́ lè dá ènìyàn dúró. Ohun tí ó yẹ kí a bi ara wa ni ìdí tí ó fi dá a dúró.

Bí òṣìṣẹ́ kan ní Mùṣin bá sọ pé ẹ̀rọ tí òun ń lò lè gé ènìyàn lọ́wọ́, tàbí pé ọ̀gá kò san owó iṣẹ́ alẹ́, ìwé gbélé-ẹ lè tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ lọ́jọ́ kejì. Òfin iṣẹ́ ní kí a sọ fún ẹni tí ó ti lo ọdún 5 ní oṣù 1 ṣáájú. Fún ẹni tí kò ju oṣù 3 lọ, ọjọ́ 1 péré! Bí a bá ti san owó dípò ọjọ́ wọ̀nyí, ọ̀pọ̀ adájọ́ kì í béèrè ìdí.

Ti àwọn olùkọ́ Yunifásítì Èkó ní Akọkà, lẹ́bàá Yábà, yàtọ̀. A lé Ọláníyan àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ láì tẹ̀lé òfin yunifásítì náà, tí ó ní kí a kọ́kọ́ gbọ́ tẹnu wọn. Agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà. Ní 1985, Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ dá wọn padà sẹ́nu iṣẹ́.

Èéṣe tí òṣìṣẹ́ Mùṣin kò fi ní irú ààbò bẹ́ẹ̀? Láti 1982 ni àdéhùn Àjọ Àgbáyé fún Ọ̀ràn Iṣẹ́ ti sọ pé ẹjọ́ tí òṣìṣẹ́ pe ọ̀gá tí ó rú òfin kò tó ìdí láti lé e. Ó yẹ kí àwọn aṣòfin Nàìjíríà kọ ọ́ sínú òfin iṣẹ́ tiwa.