KÍ A TÓ RA Ẹ̀RỌ MÌÍRÀN

Ìlú Ẹdẹ ti di ìlú ilé-ẹ̀kọ́ gíga. Láti ọdún 1992 ni Pólì ti ìjọba àpapọ̀ ti wà níbẹ̀. Yunifásítì Adeleke àti ti Redeemer náà sì fi ìlú Tìmì ṣe ibùjókòó. Ní ilé ìwádìí ACEGID, ní Yunifásítì Redeemer, ni a ti ka jínómù kòkòrò àrùn Kòrónà tí a rí ní Nàìjíríà ní ọdún 2020, láàárín ọjọ́ díẹ̀ péré, èyí tí í ṣe àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní gbogbo ilẹ̀ Áfíríkà. Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kò lè ṣeé ṣe bí ẹ̀rọ kò bá wà ní sẹpẹ́ kí àìsàn tó dé.

Ó ṣe wá láàánú pé kì í rí bẹ́ẹ̀ níbi púpọ̀ ní ilẹ̀ wa. Ẹ̀rọ olówó iyebíye a dé tìlù-tìfọn, àwọn ènìyàn pàtàkì a ya fọ́tò níwájú rẹ̀. Kò ní pẹ́ tí eruku yóò bò ó. Bí a bá béèrè, wọn a ní ohun kékeré kan ni ó bàjẹ́, àwọn sì ti kọ̀wé.

Ẹ jẹ́ kí a wo ibi tí ẹ̀rọ gbé tóbi. Ní Livermore, ní California ní Amẹ́ríkà, ilé lésà kan wà tí wọ́n ń pè ní National Ignition Facility. Ìtànṣán 192 ni wọ́n ń yìn lẹ́ẹ̀kan náà sínú agolo kékeré tí kò ga ju èékánná lọ. Ní ọjọ́ 5 oṣù Kejìlá ọdún 2022, lésà gbé agbára megajoule 2.05 wọlé, 3.15 sì jáde. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn láyé. (A kò ka iná mọ̀nàmọ́ná tí ilé náà jẹ kí lésà tó tàn, ìyẹn pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì.)

Ètò orí kọ̀ǹpútà ni ó ń to iṣẹ́ náà. Onímọ̀ tí ó fẹ́ yin lésà yóò kọ́kọ́ sọ iye agbára tí ó ń fẹ́ àti àwọn ẹ̀rọ tí yóò fi wo àbájáde. Kọ̀ǹpútà yóò ṣírò bóyá ìmọ́lẹ̀ náà yóò ba dígí jẹ́. Lẹ́yìn ìyìn kọ̀ọ̀kan, ọ̀pọ̀ wákàtí ni dígí ńlá fi ń tutù. Wọn a máa yẹ̀ wọ́n wò, èyí tí ó bá ní àpá, wọn a yọ ọ́, wọn a tún un ṣe, wọn a sì dá a padà. Níbẹ̀, a kò lè ya ọjọ́ àyẹ̀wò sọ́tọ̀ láìmọ ọjọ́ àtúnṣe.

Èyí kò yẹ kí ó ṣàjèjì ní Ẹdẹ, ìlú Tìmì Láoyè, ọba tí ó mọ ìlù í lù dunjú. Onílù kì í dúró di ọjọ́ òde kí ó tó wo awọ ìlù rẹ̀.

Ní Ilé-Ifẹ̀ tí kò jìnnà sí wa, ẹ̀rọ ńlá tí ń mú ẹ̀ta átọ́mù sáré, tí agbára rẹ̀ jẹ́ mílíọ̀nù fóltì 1.7, wà ní CERD ti Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀. Inú irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣófo láìní afẹ́fẹ́. Bí iná bá lọ, tí ẹ̀rọ tí ń fa afẹ́fẹ́ sì dákẹ́, iṣẹ́ di àtúnbẹ̀rẹ̀.

Àwọn kan yóò wí pé owó ni kò sí. A kò gbà. Ètò tí yóò fi hàn ẹni tí ó kàn láti lo ẹ̀rọ, àti ọjọ́ tí ìtọ́jú rẹ̀ pé, àwọn ọmọ tí ń kọ́ ìmọ̀ kọ̀ǹpútà ní Ẹdẹ gan-an lè kọ ọ́. Ohun tí ó wọ́n ni ọmọ tí òbí rẹ̀ san owó ilé-ìwé fún ọdún mẹ́rin, tí ó jáde láìfọwọ́ kan ẹ̀rọ tí a fi kọ́ ọ lórí pátákó.

A ń rọ àwọn ìgbìmọ̀ alákòóso ilé-ẹ̀kọ́ gíga gbogbo, kí wọn tó fọwọ́ sí ríra ẹ̀rọ mìíràn, kí wọn béèrè ní ìpàdé: mélòó ni ó ń ṣiṣẹ́ nínú èyí tí a ní? Ọjọ́ wo ni a tọ́jú wọn kẹ́yìn? Orúkọ ta ni a kọ sí iwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn?