Òrìṣà Kọ́ Ló Ní Kí Aboyún Jókòó Kú

Ìbà Ọbàtálá tí ń mọ ọmọ nínú. Ìbà Ọ̀ṣun, ìyá tí ń fi omi tútù tọ́ ọmọ. Ìbà Ògún, nítorí pé ọ̀rọ̀ irin wà nínú ohun tí mo fẹ́ sọ.

Ọ̀rọ̀ kan ń jà ràn-ìn láàrin wa ní ilẹ̀ Ìbàràpá, pàápàá láàrin àwa tí a ní a fẹ́ dá àṣà padà sí àyè rẹ̀. Wọ́n ní obìnrin ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀ tí ó bá gba ilé ìwòsàn lọ ní ọjọ́ ìkúnlẹ̀ ti kọ òrìṣà ilé rẹ̀ sílẹ̀. Wọ́n ní ìyá wa àgbà bí mẹ́wàá lórí ẹní, kò mọ dókítà, kò mọ nọ́ọ̀sì. Ọ̀rọ̀ náà dùn ún gbọ́, ó sì ń pa ènìyàn.

Ìyá tí ó bí mẹ́wàá tí ó sì yè ni ó rí ẹnu ròyìn. Èyí tí ó kú lórí ìkúnlẹ̀ kò sí níjokòó nígbà tí a ń pìtàn. Ṣùgbọ́n àwọn baba wa kò gbàgbé rẹ̀, bí a bá mọ ibi tí a ó wò. Ẹ wo orúkọ àmútọ̀runwá. Ìgè ni ọmọ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ́kọ́ yọ. Òjó àti Àìná ni èyí tí ìwọ́ lọ́ mọ́ lọ́rùn. Àwọn tí wọ́n yè nínú wọn ni a rí sọ lórúkọ. Ẹ wo ère ìbejì, tí ó kún inú ilé ìṣẹ̀ǹbáyé káàkiri ayé lónìí, tí àwa náà ń fi yangàn. Kí ni a gbẹ́ ẹ fún? Ìbejì kú ni a ṣe gbẹ́ ẹ. Ère kọ̀ọ̀kan dúró fún ọmọ kan tí kò dúró. Ẹ sì wo òkú aboyún: a kì í sin ín bí a ti ń sin òkú àgbà. Àwọn awo ni wọ́n ń bójú tó o, ètùtù rẹ̀ a sì máa gba owó àti agbára ìdílé. Ohun tí àwọn baba wa ń ṣe irú ètùtù bẹ́ẹ̀ lé lórí, wọn kò kà á sí ohun tí ojú kò gbọdọ̀ má rí. Èèmọ̀ ni wọ́n pè é.

Ọ̀rọ̀ yìí kan Ìdèrè ju ọ̀pọ̀ ìlú lọ. Igbó-Ọrà tí a jọ wà ní ìjọba ìbílẹ̀ kan náà ni gbogbo ayé mọ̀ sí ìlú ìbejì, láti ọdún 2018 ni wọ́n sì ti ń ṣe àjọ̀dún ìbejì níbẹ̀. Ìwádìí tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Nylander ti Yunifásítì Ìbàdàn ṣe ní àwọn ọdún 1960 fi hàn pé nínú 1000 ìbímọ ní Igbó-Ọrà, ó lé ní 40 tí ó jẹ́ ìbejì. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà, kò ju bí 12 lọ. (Àwọn kan ní iṣu ni, àwọn kan ní ọbẹ̀ ilasa ni. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa jẹ ẹ́ lọ, ìyẹn kọ́ ni ìjà tèmi.) Ohun tí a kì í sọ níbi àjọ̀dún ni pé oyún ìbejì kò rọrùn. Ìrọbí rẹ̀ a máa yá kí oṣù tó pé. Bí Táyéwò bá jáde wẹ́rẹ́, Kẹ́hìndé lè dábùú nínú, ìwọ́ rẹ̀ sì lè ṣíwájú rẹ̀ yọ. Àwa ni a ní Kẹ́hìndé ni ẹ̀gbọ́n, pé òun ni ó rán Táyéwò kí ó lọ tọ́ ayé wò. Orí ẹ̀gbọ́n yẹn gan-an ni ewu pọ̀ sí jù. Bí àwọn méjèèjì bá sì ti bọ́, ilé ọmọ tí ó ti fẹ̀ jù lè kọ̀ kí ó má sún kì, ẹ̀jẹ̀ a sì máa dà. Irú ẹ̀jẹ̀ bẹ́ẹ̀ lè pa obìnrin láàrin wákàtí méjì. Nítorí náà, ẹni tí ó bá gbé ìbejì, ẹni tí a ti fi iṣẹ́ abẹ gbẹ̀bí rẹ̀ rí, tàbí ẹni tí ọmọ rẹ̀ fi ìdí sísàlẹ̀, kò yẹ kí ìrọbí bá a nílé rárá. Ìtòsí ilé ìwòsàn ni kí ó ti dúró dè é.

Wọ́n á ní iṣẹ́ abẹ ni àwọn ń bẹ̀rù, pé àdúrà wa ni kí a má fi ọ̀bẹ gba ọmọ. Èmi náà a máa gba àdúrà yẹn. Ṣùgbọ́n ta ni ó ni ọ̀bẹ? Ògún ni. Mọ́tò tí yóò gbé aboyún láti Ìdèrè dé Igbó-Ọrà, irin ni. Abẹ tí dókítà yóò dì mú, irin ni. Ẹ̀yin tí ẹ ń bọ Ògún lọ́dọọdún, tí ẹ gbà pé òun ni ó ni abẹ olóòlà àti ọkọ̀ awakọ̀, ibo ni ẹ ti rí i pé ọwọ́ rẹ̀ kò dé yàrá iṣẹ́ abẹ? Iṣẹ́ yìí kì í sì í ṣe ti Òyìnbó nìkan. Ní ọdún 1879, ní ilẹ̀ Bunyoro tí ó wà ní Uganda òde òní, míṣọ́nnárì Gẹ̀ẹ́sì kan tí ń jẹ́ Robert Felkin rí i tí oníṣègùn ìbílẹ̀ la inú obìnrin tí ń rọbí, tí ó fi ọtí ọ̀gẹ̀dẹ̀ fọ ọwọ́ ara rẹ̀ àti ikùn obìnrin náà, tí ó sì gbé ọmọ jáde láàyè. Ìyá yè, ọmọ yè.

Níbo wá ni a ti kọ́ ẹ̀kọ́ pé ẹni tí ó bá wá ìrànlọ́wọ́ sí ibòmíràn kò nígbàgbọ́? Èrò tèmi ni pé ilé àdúrà ni a ti yá a. Àwọn Aládúrà kan ni wọ́n bá àwọn míṣọ́nnárì Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ jà ní òpin àwọn ọdún 1930, nítorí pé àwọn Òyìnbó náà ń lo kíníní. Wọ́n ní àdúrà nìkan ni oògùn. N kò bú wọn, ẹ̀sìn wọn nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹ̀sìn tiwa kò fìgbà kan kọ oògùn. Ẹ̀sìn Ọ̀sanyìn ni. Babaláwo tí ó mọ iṣẹ́ a máa fi ìbò bi Ifá léèrè ọ̀dọ̀ ẹni tí ìwòsàn aláìsàn wà. Bí Ifá bá ní kì í ṣe ọ̀dọ̀ òun, yóò ní kí wọ́n tètè máa lọ, kò sì ní tijú. Àwa tí a ń bú àwọn onígbàgbọ́ ní ojoojúmọ́ ni a wá gbé ẹ̀kọ́ wọn wọ̀ bí aṣọ àlòkù, tí a ní àṣà ìbílẹ̀ ni.

Ìdèrè ti rí irú èyí rí. Ẹni tí ó bá dàgbà tó nínú wa rántí ṣọ̀bíà, bí ó ti ń so àgbẹ̀ mọ́lẹ̀ ní àkókò iṣẹ́ oko. A ní ara ènìyàn ni ó ti ń wá, pé kò sí ẹni tí a kò bí i mọ́. Àwọn olùwádìí láti Ìbàdàn ní omi ni, kí a máa fi aṣọ sẹ́ ẹ. A jiyàn títí, a sì sẹ́ ẹ nígbẹ̀yìn. Ní ọdún 2008 ni Nàìjíríà rí aláìsàn ṣọ̀bíà kẹyìn. Òrìṣà wo ni ó bínú lọ nítorí asẹ́?

Nígbà wo wá ni ó tó àkókò? Èyí ni agbẹ̀bí gbọ́dọ̀ mọ̀ bí ó ti mọ orúkọ ewé. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ń dà kí ọmọ tó jáde, bóyá inú ń run ún tàbí kò run ún, ẹ má ki ọwọ́ bọ ojú ara rẹ̀, ẹ má po nǹkan kan fún un, ẹ gbé e. Bí omirá bá ya tí ó ní àwọ̀ ewé, tàbí tí ìwọ́, apá tàbí ẹsẹ̀ ṣíwájú yọ, ẹ gbé e. Bí orí bá ń fọ́ ọ kíkankíkan, tí ojú rẹ̀ ń ṣú, tí ojú àti ọwọ́ rẹ̀ wú, gìrì ń bọ̀ lọ́nà nìyẹn, ẹ má dúró dè é. Àwọn àgbà òru kọ́ ni wọ́n ń bá a jà. Ẹ̀jẹ̀ ríru ni, abẹ́rẹ́ tí ń dá gìrì rẹ̀ dúró sì wà ní ilé ìwòsàn.

Ti ìrọbí tí ó pẹ́ ni ó ṣòro jù, nítorí pé ojú ń tan ni jẹ níbẹ̀. Gbogbo ilé ń wí pé ó kù díẹ̀, ó kù díẹ̀. Inú tí ń run tí ó sì ń dákẹ́ láìní ètò lè má jẹ́ ìrọbí gidi. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti ń sún kì ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta láàrin ìṣẹ́jú mẹ́wàá, tí ó sì ń le sí i, ẹ wo aago. Bí ó bá bẹ̀rẹ̀ ní alẹ́, kí ilẹ̀ má mọ́ bá a níbẹ̀. Wákàtí 12 ni òpin, ẹ má sì jẹ́ kí ó pé kí ẹ tó wá mọ́tò. Ní ọdún 1972, ní ilẹ̀ tí a ń pè ní Zimbabwe lónìí, àwọn dókítà Philpott àti Castle fa ìlà méjì sórí ìwé ìrọbí: ọ̀kan fún ìkìlọ̀, èkejì fún ìgbésẹ̀, wákàtí mẹ́rin sì wà láàrin wọn. Nítorí àwọn agbẹ̀bí tí wọ́n jìnnà sí ilé ìwòsàn ńlá ni wọ́n ṣe fa ti ìkìlọ̀, kí wákàtí mẹ́rin náà lè jẹ́ ti ọ̀nà. Àwa ni wọ́n ń bá wí. Àgbo tí ń mú ìrọbí gbóná, tí a ń bu fún obìnrin tí ọmọ há sí nínú, lè fa ilé ọmọ ya. Ewé náà lágbára lóòótọ́, ìdí tí ó fi léwu nìyẹn.

Bí ọmọ bá sì ti ké, ẹ má tíì jó. Tibi-tire ni a máa ń tọrọ. Bí ibi kò bá bọ́ láàrin ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ rin aṣọ gbingbin kí ìṣẹ́jú márùn-ún tó pé, ẹ ti ń pẹ́.

Mo mọ ohun tí ń fa àwọn obìnrin wa sẹ́yìn, kì í sì í ṣe àwọn nìkan ni ó jẹ̀bi. Ní àwọn ilé ìtọ́jú kan, orin ìjọ ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ ọjọ́ àyẹ̀wò aboyún. Wọ́n ní kí ọmọ Ọlọ́ṣun bọ́ ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn rẹ̀ sọnù, wọ́n ń pè é ní abọ̀rìṣà bí ẹni pe olè. Obìnrin tí a dójú tì lóṣù kẹfà kò ní fẹ́ padà wá lóṣù kẹsàn-án. Abala 38 nínú òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 fún un ní ẹ̀tọ́ sí ẹ̀sìn rẹ̀, níbikíbi tí ó bá dùbúlẹ̀ sí. Ìjà tí ó yẹ kí ẹgbẹ́ wa gbé nìyẹn. Kí a lọ bá àwọn alákòóso sọ ọ́ lójúkojú, kí a sì béèrè pé kí wọ́n máa kó ibi ọmọ fún ìdílé láti lọ sin, nítorí mo mọ obìnrin tí ó jẹ́ pé ẹ̀rù ibi tí wọn yóò jù ú sí ni kò jẹ́ kí ó lọ. Àkọsẹ̀jayé ńkọ́? Ilé ìwòsàn kò gbà á lọ́wọ́ wa. Ọmọ tí ó bá yè ni a ń dífá fún.

Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé ní ọdún 2023, bí 75,000 obìnrin ni oyún àti ìbímọ pa ní Nàìjíríà, ó ju ìdá kan nínú mẹ́rin irú ikú bẹ́ẹ̀ ní gbogbo ayé lọ. Ìpínlẹ̀ Oǹdó ti gbìyànjú kan ní ọdún 2014: ètò Agbẹ̀bíyè, tí ó kó àwọn ìyá agbẹ̀bí mọ́ra, tí ó ń fún wọn lẹ́bùn fún aboyún tí wọ́n bá mú wá sí ilé ìwòsàn. Kò yẹ kí a dúró de ìjọba kí a tó ṣe tiwa. Kí gbogbo ilé Ifá àti ilé òrìṣà ní Ìdèrè ní nọ́ńbà awakọ̀ méjì tí yóò dìde lóru. Kí owó mọ́tò wà nínú àpò kan tí ọkọ kò lè fọwọ́ kàn. Kí ènìyàn méjì tí ẹ̀jẹ̀ wọn bá ti aboyún mu ti wà ní sẹpẹ́ láti oṣù kẹjọ.

Ẹni tí ó bá sì tún fẹ́ dìde láàrin wa láti sọ pé Ifá ní kí obìnrin tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀ jókòó, kí ó kọ́kọ́ dárúkọ odù tí ó ti rí i níwájú àwọn àgbà awo, kí ó sì ka iye obìnrin tí ó ti kú sí i lọ́wọ́ fún wa.