Ìbọn Kò Lè Ka Ìwé Owó

Ọ̀rẹ́ wa kan tó ń kọ́ ìmọ̀ ìṣirò owó sọ fún wa pé iṣẹ́ EFCC lòun fẹ́ ṣe bí òun bá jáde. Ẹ̀rín pa wá. Ọ̀kan nínú wa ní, "Ìwọ tí o ń sá fún aláǹgbá, ìwọ ni wàá máa fọ́ ilẹ̀kùn?" Ojú tì wá báyìí, torí àwa gan-an la ò mọ iṣẹ́ náà.

Ẹ wo Al Capone, ògbólógbòó ọ̀daràn ìlú Chicago. Wọn ò rí ẹ̀sùn ìpànìyàn kankan fi mú un. Ní 1926, àwọn agbófinró ya bo ilé tẹ́tẹ́ rẹ̀ kan, wọ́n kó ìwé ìṣirò owó ibẹ̀, wọ́n sì lọ tì í mọ́nú kọ́bọ́ọ̀dù. Ibẹ̀ ló wà títí di 1930 tí Frank Wilson, òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ ìṣúná ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà, fi rí i. Ó kà á, ó mọ ohun tó rí, ó sì wá akọ̀wé tó kọ ọ́ kàn. Ní 1931, Capone gba ẹ̀wọ̀n ọdún 11 nítorí owó orí tí kò san. Ọdún mẹ́rin gbáko ni ìwé yẹn fi wà lọ́wọ́ àwọn oníbọn o!

Nílé ńkọ́? Ní November 2023, EFCC wọ ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ n'Ílé-Ifẹ̀ lóru, wọ́n kó ènìyàn 69. Ariwo ta, ọ̀gá wọn sì fòfin de irú ìkọlù òru bẹ́ẹ̀. A ò ní kí wọ́n má mú ọmọ Yahoo. Ṣùgbọ́n ní May 2022, àjọ yìí kan náà mú olùṣirò owó àgbà fún ìjọba àpapọ̀ lórí ẹ̀sùn bílíọ̀nù 80 náírà. Ṣé jákẹ́ẹ̀tì pupa ni yóò ka irú ìwé bẹ́ẹ̀ fún adájọ́? Owó á kúrò lápò ìjọba, á wọ ilé iṣẹ́ tí kò ní ju orúkọ lọ, á gba ọwọ́ onípàṣípààrọ̀ owó, á di ilé ńlá l'Abúja lórúkọ àbúrò ìyàwó. Lórí àpáta nirú ẹsẹ̀ olè bẹ́ẹ̀ wà. Ẹni tó kọ́ ìṣirò owó ló lè tọ̀ ọ́.

Síbẹ̀, báńkì nìkan làwọn òbí wa mọ̀, àwa náà sì ń bá wọn rẹ́rìn-ín.

Ọ̀rẹ́ wa, má bínú. Bí fọ́ọ̀mù bá jáde, a ó bá ọ kọ lẹ́tà rẹ. Ti aláǹgbá yẹn ṣá, a ò tíì gbàgbé.