Bí jẹjẹrẹ bá ti tàn ká ara ọkọ tàbí aya ẹni: ẹ kọ́kọ́ béèrè ohun tí ìtọ́jú náà fẹ́ ṣe

Ẹ fojú inú wo obìnrin Yorùbá kan tó ń ta aṣọ ní ọjà Makola, ní Accra. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì ní ilé ìwòsàn Korle Bu, ìwé kékeré kan tí wọ́n kọ iye owó sí wà lọ́wọ́ rẹ̀. Dókítà ti sọ fún un pé jẹjẹrẹ prostate tó ń ṣe ọkọ rẹ̀ ti dé egungun. Ẹ̀gbọ́n ọkọ ń pè láti Ìbàdàn pé kí wọ́n gbé e lọ sí Íńdíà. Àbúrò rẹ̀ tó wà ní London ń fi oríṣiríṣi fídíò ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Ìyá ọkọ ti fi àgbo rán awakọ̀ kan tó ń bọ̀ láti Èkó. Ọkọ fúnra rẹ̀ wà níta, lábẹ́ igi. Kò tíì sí ẹni tó dárúkọ àrùn náà sí i létí.

Obìnrin yìí kì í ṣe ẹnì kan pàtó, ṣùgbọ́n bí ẹ bá ti gbé aláìsàn lọ sí ilé ìwòsàn ńlá rí, ẹ mọ̀ ọ́n. Gbogbo èèyàn ló ń sọ ohun tó yẹ kó ṣe fún un. Kò sí ẹni tó béèrè ohun tí ìtọ́jú tí wọ́n fẹ́ náwó lé lórí yìí máa ṣe gan-an. Lójú tiwa, ìbéèrè yẹn ló yẹ kó ṣáájú ilẹ̀ tí wọ́n fẹ́ tà, kó sì ṣáájú ìwé ìrìnnà.

Èdè wa lè ràn wá lọ́wọ́ níbí. Ìtọ́jú yàtọ̀ sí ìwòsàn. À ń tọ́jú arúgbó, à ń tọ́jú ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà títí ọjọ́ ayé rẹ̀, kò sì sí ẹni tó rò pé ó máa tán lára wọn lọ́la. Ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì tàbí Twi ni wọ́n sábà máa ń sọ nínú yàrá dókítà ní Accra. Dókítà á ní "treatment wà", ẹni tó ń túmọ̀ fún àwọn ará ilé á ní "wọ́n ní àwọn máa wò ó sàn". Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti ń dàrú.

Kì í sì í ṣe àwa nìkan. Ní 2012, ìwé ìròyìn ìṣègùn New England Journal of Medicine gbé ìwádìí kan jáde lórí aláìsàn 1,193 ní Amẹ́ríkà, tí jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró tàbí ti ìfun wọn ti tàn ká, tí wọ́n sì ń gba oògùn chemotherapy. Nínú àwọn tó ní ti ẹ̀dọ̀fóró, 69 nínú ọgọ́rùn-ún ni kò yé pé oògùn yẹn kò jọ èyí tó lè wò wọ́n sàn. Nínú àwọn tó ní ti ìfun, wọ́n tó 81. Àwọn tó ń gba oògùn náà lọ́wọ́ nìyẹn o.

Nítorí náà, bí dókítà bá ti dárúkọ oògùn tàbí iṣẹ́ abẹ kan, ẹ sọ fún un pé: "Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ṣé èyí máa lé àrùn náà lọ pátápátá ni, àbí ó máa dá a dúró fúngbà díẹ̀, àbí torí ìrora ni?" Ìdáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò jọra wọn. Owó tó yẹ kéèyàn ná àti ìyà tó yẹ kéèyàn fara dà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan kò sì lè dọ́gba. Lẹ́yìn náà, ẹ béèrè pé bó bá ṣiṣẹ́, báwo la ṣe máa mọ̀, lẹ́yìn oṣù mélòó? Bí a kò bá ṣe é ńkọ́? Ọ̀pọ̀ èèyàn ń bẹ̀rù ìbéèrè tó kẹ́yìn yìí, bí ẹni pé béèyàn bá béèrè rẹ̀, ó ti fi ọkọ tàbí aya rẹ̀ sílẹ̀ nìyẹn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Dókítà tó mọṣẹ́ rẹ̀ kò ní bínú sí i.

A kò sọ pé kẹ́ ẹ kọ ìtọ́jú o. "Ó ti tàn ká" kì í ṣe gbólóhùn kan náà fún gbogbo jẹjẹrẹ. Jẹjẹrẹ kóró ẹpọ̀n tó ti tàn ká ṣì máa ń ṣeé wò sàn lára ọ̀pọ̀ ọkùnrin, àwọn kan nínú jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ náà rí bẹ́ẹ̀. Àwọn míì wà tí kò ní lọ, àmọ́ tí oògùn lè dá dúró fún ọdún mélòó kan. Ti prostate sábà máa ń wà lára irú èyí, ẹ sì jẹ́ ká dúró lórí rẹ̀ díẹ̀, torí ọ̀pọ̀ ìyàwó ni kò sí ẹni tó ṣàlàyé rẹ̀ fún.

Hòmóònù ọkùnrin, tí ẹpọ̀n ń ṣe jù, ni oúnjẹ jẹjẹrẹ yìí. Ọ̀nà méjì ni wọ́n sábà máa ń gbà fi ebi pa á. Àkọ́kọ́ ni abẹ́rẹ́ tí wọ́n ń gún lóṣooṣù tàbí lẹ́ẹ̀kan lóṣù mẹ́ta, tí wọn kò ní dáwọ́ rẹ̀ dúró. Èkejì ni iṣẹ́ abẹ kékeré tí wọ́n fi ń yọ kóró ẹpọ̀n méjèèjì kúrò, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Méjèèjì ló ń mú hòmóònù náà wálẹ̀ dáadáa. Bówó bá tán tí abẹ́rẹ́ bá já, hòmóònù á padà, àrùn náà á sì tún rí oúnjẹ jẹ. Iṣẹ́ abẹ kò ní ìṣòro yẹn, ṣùgbọ́n kì í ṣe nǹkan kékeré fún ọkùnrin, kò sì ṣeé dá padà. Ìwọ̀n báyìí ló yẹ kí tọkọtaya gbé yẹ̀ wò, kì í ṣe èwo ló "lágbára jù". Ẹ tún mọ̀ pé èyíkéyìí nínú méjèèjì máa ń pa ìfẹ́ ìbálòpọ̀, ó sì máa ń jẹ́ kí ooru ṣàdédé bo ara. Bí ìyàwó kò bá mọ̀, ó lè rò pé ọkọ òun ti kọ òun.

Ìrora egungun ńkọ́? Ìtọ́jú onítànṣán tí wọ́n ń pè ní radiotherapy máa ń dẹ̀ ẹ́. Wọ́n ń ṣe é ní Korle Bu, ní Sweden Ghana Medical Centre tó jẹ́ ti aládàáni ní Accra, àti ní Komfo Anokye ní Kumasi. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn kò mọ̀ ni pé, bó bá jẹ́ pé ìrora egungun nìkan la fẹ́ dẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lórí ẹ̀rọ náà sábà máa ń ṣe iṣẹ́ tí ọjọ́ márùn-ún tàbí mẹ́wàá ń ṣe. Ó kàn jẹ́ pé ó lè gba kí wọ́n tún un ṣe nígbà tó bá yá. Ẹni tó ń wọ tirótiró wá láti Kasoa tàbí Ashaiman mọ ohun tí ìyàtọ̀ yẹn jẹ́. Ẹ béèrè bóyá ó bá ti aláìsàn yín mu. Ṣùgbọ́n bí jẹjẹrẹ bá ti dé egungun ẹ̀yìn, tí ẹsẹ̀ bá ṣàdédé ń rọ tàbí tí ìtọ̀ kò jáde mọ́, kò sí ọ̀rọ̀ ìpàdé ẹbí níbẹ̀: ọjọ́ yẹn gan-an ni kẹ́ ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn.

Ní ti owó, káàdì NHIS, ìyẹn ètò adójútòfò ìlera ìjọba Ghana, ń san owó ìtọ́jú jẹjẹrẹ ọyàn àti ti ẹnu ilé ọmọ, ẹni tó ń gbé Ghana láìjẹ́ ọmọ ilẹ̀ náà sì lè forúkọ sílẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ti prostate kò sí nínú rẹ̀. Ní 2025 ni ìjọba Ààrẹ John Mahama dá Ghana Medical Trust Fund sílẹ̀, tí gbogbo èèyàn ń pè ní MahamaCares, torí àwọn àrùn tó ń náni lówó bíi jẹjẹrẹ. Ẹ lọ bá òṣìṣẹ́ ìgbáyégbádùn ní ilé ìwòsàn kẹ́ ẹ tó lọ yáwó.

Ìrìn àjò ló máa ń dá ìjà sílẹ̀ jù láàárín ẹbí. Gómìnà Rotimi Akeredolu ti ìpínlẹ̀ Òǹdó kú ní Jámánì ní ọjọ́ 27 oṣù Kejìlá, 2023, lẹ́ni ọdún 67. Ìgbà tó kú ni ìjọba ìpínlẹ̀ náà kéde pé jẹjẹrẹ prostate ni. Kì í ṣe pé ìmọ̀ kò sí nínú ilé yẹn: ìyàwó rẹ̀, Betty Anyanwu-Akeredolu, ti la jẹjẹrẹ ọyàn já, òun ló sì dá ẹgbẹ́ BRECAN sílẹ̀ láti máa la àwọn obìnrin lọ́yẹ̀. A kò sọ èyí láti dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Àmọ́ ẹni tó bá ń rò pé òkè òkun nìkan ni kò jẹ́ kí ọkọ òun yè, kó rántí rẹ̀. Ìbéèrè tó yẹ ká bi ẹ̀gbọ́n ọkọ ni pé, kí ni wọ́n máa ṣe ní Íńdíà tí wọn kò lè ṣe níbí? Ìdáhùn máa ń wà nígbà mìíràn. Bí kò bá sí, owó ọkọ̀ òfuurufú nìkan lè ra oògùn oṣù púpọ̀.

Àwọn míì á ní kí wọ́n gbé e lọ sílé, sí Ọ̀yọ́ tàbí Ògbómọ̀ṣọ́. Bí aláìsàn fúnra rẹ̀ bá fẹ́ bẹ́ẹ̀, ó dáa. Ṣùgbọ́n ẹnubodè mẹ́ta ló wà lójú títì láti Accra dé Èkó: Aflao, Hillacondji àti Sèmè. Kí ara rẹ̀ ṣì lè gbé ìjókòó ni kí wọ́n ti gbéra, kí wọ́n sì gba lẹ́tà dókítà lórí oògùn ìrora tó bá wà nínú àpò.

Ní ti àgbo, tiwa ni pé kẹ́ ẹ má fi pamọ́ fún dókítà. Oògùn chemotherapy máa ń wọ ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín lọ́rùn, àgbo kan sì lè kún ẹrù náà.

Ẹni tó wà lábẹ́ igi yẹn wá ńkọ́? Àṣà wa ni pé ká fi ọ̀rọ̀ burúkú pamọ́ fún aláìsàn kí ọkàn rẹ̀ má bàa pami. Ìfẹ́ ló fà á, a mọ̀. Ṣùgbọ́n ara tirẹ̀ ni wọ́n fẹ́ gé. Ó lè ní gbèsè tó fẹ́ san, ó lè ní ọmọ tó fẹ́ bá sọ̀rọ̀, ó lè má fẹ́ kí wọ́n ta ilẹ̀ rárá. Kò yẹ kí ìyàwó nìkan wá di ẹni tó yàn, kí àwọn àna wá bi í lẹ́yìn ọ̀la pé ta ló ní kó ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ bi í pé: "Bàbá àwọn ọmọ, ẹ̀yin ńkọ́, báwo lẹ ṣe fẹ́ mọ̀ tó?" Bó bá ní òun ò fẹ́ mọ̀, kó sọ ẹni tí òun fẹ́ kó gbọ́ ọ nípò òun, kí àwọn ará ilé sì gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀.

Ó ku ohun kan tí àwọn ará wa máa ń sá fún bí ikú: ìtọ́jú tó ń dẹ ara aláìsàn, tí wọ́n ń pè ní palliative care. Wọ́n gbà pé ẹni tí wọ́n bá ti darí síbẹ̀ ti tán. Nínú ìwádìí kan tó jáde ní 2010, àwọn dókítà ní Massachusetts General Hospital ní Boston pín aláìsàn 151 tí jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró wọn ti tàn ká sí ọ̀nà méjì. Àwọn kan gba ìtọ́jú jẹjẹrẹ nìkan, àwọn yòókù gba palliative care mọ́ ọn láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìwọ̀n ọjọ́ tí àwọn àkọ́kọ́ lò jẹ́ oṣù 8.9, ti àwọn kejì jẹ́ oṣù 11.6. Ara tu wọ́n jù, ọkàn wọn balẹ̀ jù, wọ́n sì pẹ́ jù láyé. Ìwádìí kan ni, lórí irú jẹjẹrẹ kan, ṣùgbọ́n ó tó láti jẹ́ ká ṣíwọ́ pípè é ní ọ̀nà ibojì. Korle Bu ní àwọn tó ń ṣe irú ìtọ́jú yìí, UCH Ìbàdàn náà ní. Wọ́n lè fún aláìsàn ní morphine olómi. Bí wọ́n bá ń lò ó bí dókítà ṣe wí, kì í sọ aláìsàn di ajòògùnyó. Ó máa ń fa inú kíkún, torí náà ẹ gba oògùn ìgbẹ́ mọ́ ọn.

Kí obìnrin wa tó dìde lórí bẹ́ǹṣì yẹn, kó yí ìwé owó náà padà, kó kọ ìbéèrè rẹ̀ sí ẹ̀yìn rẹ̀. Kó tún gba nọ́ńbà tí òun lè pè lóru bí ìrora bá le. Lẹ́yìn náà, kó jáde lọ bá ọkọ rẹ̀ lábẹ́ igi, kí àwọn méjèèjì jọ padà wọlé lọ bá dókítà.