Nọ́ńbà Tó Wà Nínú Ìwé Àyẹ̀wò Jẹjẹrẹ Ọmú

Bí wọ́n bá gé díẹ̀ lára kókó inú ọmú obìnrin lọ fún àyẹ̀wò, nígbà míì ẹ ó rí "Ki-67" nínú ìwé tí wọ́n á fún un, nọ́ńbà kan á sì tẹ̀ lé e. Mo ti gbọ́ tí àwọn èèyàn wa ń sọ pé, "18 ni tèmi, ọpẹ́ o, kò pé 20." Ẹ ṣe sùúrù ná.

Purotéènì kan ni Ki-67. Inú sẹ́ẹ̀lì tó bá ń gbára dì láti pín sí méjì la ti ń rí i, èyí tó bá ń sinmi kì í ní in. Àńtíbọ́dì ni wọ́n fi ń wá a. Ara wa ló máa ń ṣe àńtíbọ́dì láti fi gbógun ti àrùn, àmọ́ látọdún 1975 tí Köhler àti Milstein ti rí ọgbọ́n kan dá sí i ní Cambridge ni wọ́n ti lè máa fi sẹ́ẹ̀lì eku ṣe irú kan ṣoṣo ní lábù, títí lọ bí wọ́n bá ṣe fẹ́. Ọgbọ́n yẹn ni Johannes Gerdes àtàwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ lò nílùú Kiel, lórílẹ̀-èdè Jámánì, tí wọ́n fi gbé èyí tó ń wá Ki-67 jáde lọ́dún 1983. Kò sí àdììtú kankan nínú orúkọ náà o: Ki ni Kiel, 67 sì ni nọ́ńbà ihò kékeré tí wọ́n ti rí i nínú àwo tí wọ́n fi ń ṣiṣẹ́.

Tí wọ́n bá da àńtíbọ́dì yìí sára ẹran tí wọ́n gé fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, wọ́n á fi aró sí i, sẹ́ẹ̀lì tó ní Ki-67 á wá di aláwọ̀ búráùn. Dókítà á fi maikirosíkóòpù ka mélòó nínú 100 sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ ló yí àwọ̀ padà. Ibẹ̀ ni wàhálà wà. Irú àńtíbọ́dì tí wọ́n lò, bí wọ́n ṣe tọ́jú ẹran náà, apá ibi tí wọ́n ti kà á, ojú ẹni tó kà á, gbogbo ẹ̀ ló lè yí nọ́ńbà padà. Ilé àyẹ̀wò kan lè ka 15, kí òmíì ka 25 lára ẹran kan náà. Lọ́dún 2021, ìgbìmọ̀ àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n láti orílẹ̀-èdè bíi mélòó kan sọ pé àwọn fọkàn tán nọ́ńbà náà tó bá jẹ́ 5 tàbí kó má tó bẹ́ẹ̀, tàbí tó bá jẹ́ 30 sókè. Àárín méjèèjì, kùrukùru ni.

Kí ni FDA ilẹ̀ Amẹ́ríkà wá ṣe lóṣù October ọdún yẹn? Wọ́n fọwọ́ sí oògùn abemaciclib, tó ń dènà CDK4 àti CDK6, ìyẹn àwọn purotéènì tó ń ti sẹ́ẹ̀lì pé kó pín, fún àwọn kan tí jẹjẹrẹ tí hòmóònù ń bọ́ lè tètè padà sí lára, àmọ́ wọ́n ní Ki-67 wọn gbọ́dọ̀ tó 20. Ẹ ò rí i pé inú kùrukùru gan-an ni wọ́n fi ààlà sí! March 2023, wọ́n yọ àyẹ̀wò yẹn kúrò, torí ó ti hàn pé oògùn náà ṣe àwọn tí tiwọn ò tó 20 náà láǹfààní. Mi ò sọ pé nọ́ńbà náà ò wúlò o. Tó bá pọ̀ gan-an, ó máa ń fi hàn pé àrùn náà lè tètè padà wá. Àmọ́ kí ìyàtọ̀ 19 sí 20 máa ti obìnrin mọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn oògùn, ìyẹn ò bójú mu lójú tèmi.

Ti inú lábù ìwádìí tún burú ju ti ilé ìwòsàn lọ. Àńtíbọ́dì dà bí ajá ọdẹ: èyí tí wọ́n tà fún ẹ pé ọ̀yà ló ń lé lè máa lé ewúrẹ́ ará ilé. Àwùjọ YCharOS, ní Montréal, dán 614 wò lórí purotéènì 65, wọ́n sì gbé àbájáde ẹ̀ jáde lọ́dún 2023. Ọgbọ́n wọn wù mí: wọ́n á yọ purotéènì náà kúrò nínú sẹ́ẹ̀lì pátápátá, bí àńtíbọ́dì bá ṣì ń ké pé òun rí i, irọ́ ló ń pa. Ó ju ìdajì lọ tó kùnà nínú ọ̀kan, ó kéré tán, lára iṣẹ́ tí wọ́n fẹ́ kó ṣe. Àwọn iléeṣẹ́ tó ń tà wọ́n sì kó àwọn kan kúrò lórí àtẹ lẹ́yìn náà.

Ẹ lè ní kí ló kàn wá ńbẹ̀. Ó kàn wá. Ní Amẹ́ríkà níbí, iye obìnrin aláwọ̀ dúdú tí jẹjẹrẹ ọmú ń pa fi nǹkan bí ìdá 40 nínú 100 ju ti aláwọ̀ funfun lọ. Èyí tí àwọn dókítà ń pè ní triple-negative, tí ọ̀pọ̀ oògùn tó ń ṣiṣẹ́ fáwọn yòókù ò ràn, ń mú wa ní nǹkan bí ìlọ́po méjì. Ìwádìí la nílò jù fún irú ẹ̀, owó tó bá sì bá àńtíbọ́dì tí ò dáa lọ, tiwa ni.

Tí nọ́ńbà yín tàbí ti màmá yín bá wà láàárín 5 sí 30, ẹ bi dókítà bóyá òun nìkan ni wọ́n fẹ́ fi pinnu ìtọ́jú. Ilé ìwòsàn máa ń tọ́jú ẹran tí wọ́n gé sí ìpamọ́ fún ọdún púpọ̀. Ẹ lè ní kí wọ́n fi ránṣẹ́ sí ilé àyẹ̀wò míì kí wọ́n tún un kà. Ẹ kọ́kọ́ bi insọ́ránsì yín bóyá wọ́n á san owó ẹ̀.