Ta Ni Àgàn Nílé Bàbá Sẹ̀gi?

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí, ẹ̀yin òbí, ìwé kan wà tí àwọn kan nínú wa ń kìlọ̀ pé kí ẹ má kà: The Secret Lives of Baba Segi's Wives, tí Lọlá Ṣónẹ́yìn kọ ní 2010. Wọ́n ní ó fi aya púpọ̀ ṣẹ̀sín. Èmi kà á tán. Àwa ọkùnrin àti àwa aáfàá gan-an ni ìwé náà ń bá wí.

Ìbàdàn ni ìtàn náà ti wáyé. Bàbá Sẹ̀gi, tó ń ta ohun èlò ìkọ́lé, fẹ́ Bọ́láńlé tó jáde yunifásítì ṣe ìyàwó kẹrin. Oyún kò dé. Àwọn ìyálé mẹ́ta ti bímọ, nítorí náà ọkọ ti dájọ́ pé ìyàwó ló lẹ́bi. Ó mú un lọ sí ọsibítù, ni dókítà bá ní kí òun náà ṣe àyẹ̀wò. Àṣé òun ni kò lè bímọ! Kò sí ọ̀kan tó jẹ́ tirẹ̀ nínú àwọn ọmọ tó fi ń yangàn: dérẹ́bà rẹ̀ ló ni ti Ìyá Sẹ̀gi, ẹlẹ́ran ló ni ti Ìyá Tọ́pẹ́. Májèlé tí wọ́n tilẹ̀ sè de ìyàwó tuntun, Sẹ̀gi ọmọ wọn ló jẹ ẹ́.

Àgbèrè ni àgbèrè ń jẹ́. Áyà 228 nínú Sūratul-Bakọra kọ̀ fún obìnrin láti fi ohun tó wà nínú ilé-ọmọ rẹ̀ pamọ́, Sūratul-Ahsābu sì ní kí a máa fi orúkọ bàbá ọmọ pe ọmọ. N kò gbèjà àwọn ìyálé wọ̀nyẹn. Ṣùgbọ́n ta ló kọ́kọ́ sé wọn mọ́ ibi tí irọ́ nìkan ti lè gbà wọ́n? Wọ́n mọ̀ pé bí oyún kò bá dé, àwọn nìkan ni a ó máa pè ní àgàn.

Àwa aáfàá ńkọ́? Wọ́n á mú obìnrin wá, a ó kọ hàǹtú sí wàláà, a ó fọ̀ ọ́ fún un mu. Èmi náà ti ṣe é lọ́pọ̀ ọdún. N kò bi ọkọ kankan rí pé, "Alhaji, ẹ̀yin náà ńkọ́, ṣé ẹ ti ṣe àyẹ̀wò?" Ojú ń tì mí, mo sì ń gba sàárà rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ àwọn oníṣègùn ti sọ ọ́ títí pé nínú nǹkan bí ìdajì àwọn tó ń wá ọmọ, ọwọ́ ọkọ wà níbẹ̀. Bí ọkọ bá tún ní òun ń fẹ́ òmíràn nítorí ọmọ, àwa náà la ó jókòó so yìgì, a ó sì ka áyà kẹta Sūratun-Nisā'i tó fi déédéé ṣe májẹ̀mú. Déédéé wo ló wà nínú kí a dá obìnrin lẹ́bi láìyẹ ọkùnrin wò?

Ẹ̀yin òbí, àwọn ibì kan wà nínú ìwé náà tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ rí gbànjọgbànjọ. Ẹ kọ́kọ́ kà á fúnra yín, kí ẹ tó fún ọmọ tó ti tó yìgì so. Àwọn mọ́ṣáláṣí kan ń béèrè ìwé àyẹ̀wò jẹnotáìpù kí wọ́n tó so yìgì, ilé kò sì wó. Ẹ jẹ́ kí a béèrè tọkọ náà, bó bá ní torí ọmọ lòun fi ń fẹ́ ìyàwó kejì. Ní tèmi, ẹni tí kò bá mú un wá, kó wá aáfàá mìíràn lọ.