Ọ̀RỌ̀ ILÉ: Reluwé Bàbá Mi

Ẹ̀yin ọmọdé, ẹ sún mọ́ bí, tiyín ni lónìí.

Nígbà ìsinmi ilé ìwé, èmi àti àbíkẹ́yìn mi wọkọ̀ lọ sí Hamburg, a lọ wo Miniatur Wunderland ní Speicherstadt. Ìbejì ló dá a sílẹ̀ o! Frederik àti Gerrit Braun ni wọ́n ń jẹ́. Ní ọdún 2000, Frederik rí ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta ọkọ̀ ojúrin kékeré ní Zürich, ló bá tẹ ìkejì rẹ̀ láago pé àwọn méjèèjì ni yóò kọ́ èyí tó tóbi jù láyé. Báńkì yá wọn lówó (èmi tí mò ń ṣe ìṣirò owó yìí, bóyá ni mi ò ní lé wọn jáde), wọ́n sì ṣílẹ̀kùn ní August 16, 2001. Irin tó wà níbẹ̀ báyìí ju 15,000 mítà lọ. Láàárín ìṣẹ́jú 15, ilẹ̀ á mọ́, ilẹ̀ á tún ṣú.

Ìwọ̀n wọn ni 1:87. Ìyẹn ni pé ẹni tó ga ní sẹ̀ǹtímítà 174 á di sẹ̀ǹtímítà 2 péré. Ẹ fi bàbá yín ṣírò rẹ̀ wò.

Kì í ṣe àwọn oníṣòwò nìkan ló ń ṣe é. Ẹgbẹ́ Modelleisenbahn Hamburg kọ́ ibùdókọ̀ Harburg sínú Museum für Hamburgische Geschichte ní ìwọ̀n 1:32, owó ọjà kọ́ ni wọ́n ń wá. Ènìyàn méje ló tó láti forúkọ Verein sílẹ̀ ní Jámánì, ẹ ò rí i pé ó rọrùn.

Bí a ṣe ń jáde, ọmọ mi ní, "Dádì, ti Nàìjíríà dà?" Mo ní mi ò rí i. Ó ní, "Àbí a ò ní reluwé ni?"

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí wọ eegun. Bàbá mi lo ọgbọ̀n ọdún lẹ́nu iṣẹ́ reluwé ní Ebute Metta, ọmọ mi ò mọ̀! Ta ni ì bá sọ fún un bí kò ṣe èmi? Inú ọkọ̀ la wà tí mo fi ń sọ ọ́ títí a fi dé Berlin: bí irin ṣe kúrò ní Èkó, tó gba Abẹ́òkúta, tó dé Ìbàdàn ní 1901, bí a ṣe máa ń ra ọsàn lójú fèrèsé.

Ó ní ká kọ́ ọ. Mo sáré lọ ra irin H0, tí àyè àárín rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 16.5. A pe Bàbá.

"Ẹ káàsán sà. A ti ra irin o."

"Báwo ló ṣe fẹ̀ sí?" Mo sọ fún wọn. "Irin òyìnbó nìyẹn! Tiwa ò fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Àbí o ti gbàgbé ni?"

Òótọ́ ni. Irin àtijọ́ wa jẹ́ mìlímítà 1067, ti Jámánì jẹ́ 1435. Irin tuntun Èkó sí Ìbàdàn, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2021, ló jẹ́ 1435. Ẹ pín 1067 sí ọ̀nà 87, mìlímítà 12 àti díẹ̀ ni.

Níbo la ti rí irin mìlímítà 12? Níhìn-ín ni! Ilé iṣẹ́ Zeuke ní ìlà oòrùn Berlin ṣe reluwé TT láti òpin àwọn ọdún 1950, mìlímítà 12 ni irin rẹ̀. Bàbá àgbàlagbà kan tà á fún wa lọ́jà òkùú, inú páálí bàtà. Nígbà tó gbọ́ ohun tí a fẹ́ fi ṣe, ó fi afárá kan ṣe èènì.

Páálí la fi kọ́ ibùdókọ̀ Ìddó. Òrùlé rẹ̀ ṣì wọ́ díẹ̀. Bàbá ní kí a fi olọ́sàn kan síbẹ̀, ọmọ mi sì ti ń kùn ún. A máa gbé e wá sí ìpàdé tó ń bọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ọmọdé, ẹ má fọwọ́ kàn án o, gúlúù rẹ̀ kò tíì gbẹ dáadáa.